Ṣé ọmọ wa lè gba káàdì status bíi ti bàbá rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Winnipeg ni mò ń gbé. Ọkọ mi jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ Kánádà, Anishinaabe ni, ó sì ní káàdì ìjọba tí wọ́n ń pè ní káàdì status, ìyẹn ẹ̀rí pé ìjọba ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìbílẹ̀. Ọmọkùnrin wa ti pé ọdún mẹ́ta. Ṣé òun náà lè gba káàdì yìí? Èmi ńkọ́, nígbà tí a ti ṣègbéyàwó? Ẹ̀rù ń ba màmá mi nílé pé bí a bá forúkọ ọmọ sílẹ̀, kò ní jẹ́ ọmọ Nàìjíríà mọ́. Ìyá Àkànní.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, Ìyá Àkànní. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tiyín, torí kò gùn. Ẹ̀yin kò lè gbà á. Nígbà kan, òfin tó ń jẹ́ Indian Act, tó ti wà láti 1876, máa ń fún ìyàwó tí ọmọ ìbílẹ̀ bá fẹ́ ní status, ì báà jẹ́ òyìnbó ni ìyàwó ọ̀hún. Òfin yẹn kan náà ló máa ń gba status lọ́wọ́ ọmọbìnrin wọn tó bá lọ fẹ́ ẹni tí kò ní in. Láti ọjọ́ 17 oṣù kẹrin 1985 ni wọ́n ti fòpin sí méjèèjì. Ìgbéyàwó kì í fúnni ní status mọ́, kì í sì í gbà á lọ́wọ́ ẹni.

Ti ọmọ ló gba sùúrù. Pé bàbá ní káàdì kò tó. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni abẹ́ ìlà òfin tí wọ́n kọ orúkọ bàbá sí: ṣé 6(1) ni àbí 6(2)? Wọn kì í kọ èyí sójú káàdì. Ẹ gbé káàdì ọkọ yín wò: ẹ ó rí fọ́tò rẹ̀, orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, àti nọ́ńbà 10 tí wọ́n tò pọ̀. Mẹ́ta tó ṣáájú nínú rẹ̀ ló ń sọ First Nation, ìyẹn àwùjọ ọmọ ìbílẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ wà. Ẹ lè wo káàdì náà títí di alẹ́, kò ní sọ 6(1) tàbí 6(2) fún yín. Kí ọkọ yín fúnra rẹ̀ kàn sí Indigenous Services Canada, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ yìí, kó bi wọ́n.

Bí wọ́n bá ní 6(1) ni, ara tù yín: ọmọ yín yóò wọlé sábẹ́ 6(2), bí ẹ̀yin ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ ní status. Bí 6(2) bá ni bàbá, tí ìyá kò sì ní rárá, ọmọ kò rí i gbà. Ìran méjì ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé tí wọ́n bá fẹ́ ẹni tí kò ní status, ó tán lára àwọn tó bá tẹ̀ lé wọn. Ó máa ń dùn mí bí mo bá ń ṣàlàyé rẹ̀ fún òbí tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí 6(2) bá ni wọ́n pe ọkọ yín, ẹ má tíì káwọ́ lẹ́rán. Ẹ bi í léèrè ìyá bàbá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀. Ṣé ọ̀kan nínú wọn pàdánù status torí ọkọ tó fẹ́? Lọ́dọ̀ tiwa, obìnrin tó lọ ilé ọkọ kò yé jẹ́ ọmọ ilé bàbá rẹ̀. Ilé ń bẹ tó lè padà sí. Òfin Kánádà ti ilẹ̀kùn mọ́ irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Sandra Lovelace, ọmọ Tobique ní New Brunswick, gbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, wọ́n sì dá a láre ní 1981. Ní 1985 wọ́n dá status padà fún àwọn ìyá àgbà wọ̀nyí, àmọ́ 6(2) ni wọ́n fún ọmọ wọn, ọmọ-ọmọ kò sì rí nǹkan kan. Sharon McIvor, obìnrin ọmọ ìbílẹ̀ mìíràn, gbé ìjọba lọ sí kóòtù, ẹjọ́ rẹ̀ ló fà á tí òfin fi yí padà ní 2011, tí ọmọ-ọmọ náà fi rí 6(2) gbà. Àtúnṣe tó tẹ̀ lé e parí ní oṣù kẹjọ 2019: bí wọ́n bá ti bí ọmọ-ọmọ náà ṣáájú 17 oṣù kẹrin 1985, tàbí tí àwọn òbí rẹ̀ ti ṣègbéyàwó ṣáájú ọjọ́ yẹn, ó lè bọ́ sí 6(1). Bó bá bọ́ síbẹ̀, ọmọ tirẹ̀ wọlé nìyẹn. Bàbá kan ti jókòó níwájú mi rí, ó tú ọ̀rá kan, ó fa ìwé ìgbéyàwó ìyá ìyá rẹ̀ yọ, tó ti pọ́n ráúráú, tí etí rẹ̀ ti ń já. Ìwé yẹn ló ṣílẹ̀kùn fún ọmọ rẹ̀ méjèèjì.

Ní ti ìwé tí ẹ máa kó jọ, ẹ rí i dájú pé ìwé ìbí ọmọ jẹ́ èyí tó gùn, tó ní orúkọ bàbá àti ìyá. Èyí tó kéré, tí orúkọ ọmọ nìkan wà nínú rẹ̀, kò wúlò níbí. Ẹ yẹ orúkọ yín wò pẹ̀lú: àwa Yorùbá máa ń ní orúkọ mẹ́rin, kí pásípọ́ọ̀tù mú méjì, kí ìwé ìbí mú mẹ́ta. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ ó nílò fọ́tò ọmọ àti ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ yín. Bí ẹ bá jọ ń tọ́ ọmọ, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ fún ìforúkọsílẹ̀, wọn kì í sì í gbà á fún káàdì. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó ìjọba, irọ́ ló ń pa. Ọdún márùn-ún ni káàdì ọmọdé ń lò, ti àgbà ń lo 10. Káàdì ló ń kú o, orúkọ ọmọ kì í kúrò nínú ìwé ìjọba.

Ohun tó máa ń wúlò jù fún ọmọdé ni ìtọ́jú: oògùn, eyín, ìgò ojú, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń san lórí ohun tí ètò ìlera wọn bá fọwọ́ sí. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ pé oníkáàdì kì í san owó orí. Owó tó bá rí lórí reserve, ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn, àti ọjà tó bá rà níbẹ̀, ni òfin yọ̀ǹda. Bó bá ń ṣiṣẹ́, tó sì ń nájà láàárín Winnipeg, yóò san bí gbogbo ayé ṣe ń san. Bí First Nation ọkọ yín bá wà nínú Treaty 1, àdéhùn tí wọ́n ṣe ní 1871, dọ́là 5 lọ́dún náà tọ́ sí ọmọ. Owó kékeré ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn àgbà tí wọ́n tò fún un tayọ̀tayọ̀, torí àdéhùn àwọn baba wọn ni.

Ẹ bá mi kí màmá. Ẹ sọ fún wọn pé status kì í ṣe ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè. Ọmọ Kánádà ni Àkànní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i síbẹ̀. Abala 25 nínú òfin Nàìjíríà ti 1999 sì sọ pé ẹni tí wọ́n bí sókè òkun, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni láti ìbí. Ẹ̀yin ni ìyá rẹ̀. Ẹ lè lọ gba pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà fún un lóṣù kan náà tí ẹ bá fi fọ́ọ̀mù yìí ránṣẹ́.