Àmì-ẹ̀yẹ Crimea tó ní báà Balaklava: ṣé ẹlẹ́ṣin yìí wà nínú ìkọlù náà lóòótọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹnì kan tó ń ta nǹkan àtijọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ ta àmì-ẹ̀yẹ Crimea kan fún mi, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó ja Ogun Crimea. Báà Balaklava (ọ̀pá fàdákà kékeré tí wọ́n kọ orúkọ ogun sí, tó wà lórí rìbọ́n) wà lórí rẹ̀, wọ́n sì fín orúkọ Private (ọmọ ogun lásán) kan ti ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin 17th Lancers sí etí rẹ̀. Ó ní ọkùnrin náà wà nínú ìkọlù tí Light Brigade, àwọn ẹlẹ́ṣin Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní Balaklava. Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

ÌDÁHÙN: Ọ̀rọ̀ méjì ni òǹtajà yẹn lọ́ pọ̀. Àmì-ẹ̀yẹ lè jẹ́ ojúlówó, kí ẹni tó ni ín má sì dé ibi ìkọlù ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá, 1854. Ìkọlù yẹn ló ń gbówó lórí, ibẹ̀ náà ni irọ́ pọ̀ sí.

Báà Balaklava nìkan kò tó ẹ̀rí. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ 93rd Highlanders gbà á, àwọn ẹlẹ́ṣin Heavy Brigade náà gbà á. Nínú Light Brigade pàápàá, nǹkan bí 670 ènìyàn láti inú ẹgbẹ́ márùn-ún ló gẹṣin lọ; àwọn tó kù sí àgọ́ tàbí tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ mìíràn nítòsí gba báà kan náà.

Ẹ kọ́kọ́ wo nǹkan náà fúnra rẹ̀. Fàdákà ni, ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 36. Orí Victoria àti 1854 wà níwájú. Lẹ́yìn, jagunjagun ilẹ̀ Róòmù ni, òrìṣà ìṣẹ́gun kékeré kan ń dé e ládé. Báà rẹ̀ rí bí ewé óákù. BALAKLAVA ni wọ́n kọ, pẹ̀lú K, INKERMANN sì ní N méjì lẹ́yìn. Bí ẹ bá rí Inkermann lábẹ́ Balaklava, ẹ má tìtorí ìyẹn sá: Balaklava kò sí lára àwọn báà tí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí, ní 1855 ni wọ́n fi kún un, àwọn kan sì kàn gbé e lé èyí tó ti wà níbẹ̀.

Orúkọ ni kí ẹ jókòó tì. Ìjọba pín àmì-ẹ̀yẹ yìí láìsí orúkọ lára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè dá a padà kí wọ́n fi òǹtẹ̀ tẹ orúkọ sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn mìíràn gbé tiwọn lọ bá alágbẹ̀dẹ fàdákà, ó fín in bí ẹni fín igbá. Nítorí náà, fínfín kì í ṣe ẹ̀sùn. Àmọ́ ẹni tó ń ṣe ayédèrú náà ń ka ìwé: ó mọ orúkọ àwọn tó wà nínú ìkọlù, ó kàn máa ra èyí tí kò ní orúkọ, á sì fín ọ̀kan sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀rù fínfín pẹ̀lú orúkọ tó lókìkí ju òǹtẹ̀ lọ.

Nígbà mìíràn, wọ́n á ti ha orúkọ àtijọ́ kúrò kí wọ́n tó fín tuntun. Ẹ fi kálípà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ìbú, wọn ìbú rẹ̀ yíká, níbi mẹ́rin ó kéré tán. Ibi tí wọ́n bá ha á máa dín díẹ̀. Bí ẹ bá sì rí "Trooper" tàbí "Tpr." níbi ipò, ẹ rọra dá a padà fún un; Private ni wọ́n ń pe ẹlẹ́ṣin lásán títí di ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kìíní.

Ìwé ló kù. Ó wà ní The National Archives, ilé àkójọ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní Kew ní Lọ́ńdọ̀nù; WO àti nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe àwọn ìwé ológun níbẹ̀. WO 100 ni àkọsílẹ̀ àwọn tó gba àmì-ẹ̀yẹ àti báà. WO 12 ni ìwé ìpe-orúkọ àti owó iṣẹ́. Ẹ béèrè ti 17th Lancers fún oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn 1854. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé ìwòsàn Scutari ní ilẹ̀ Tọ́kì, tó jìnnà sí Balaklava, ló wà ní gbogbo oṣù kẹwàá, ìtàn òǹtajà ti parí. WO 97, ìwé ìfẹ̀yìntì, máa ń sọ ọgbẹ́ tó gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó kú sẹ́nu iṣẹ́ kò sí níbẹ̀.

Bí òǹtajà bá ní òun ò lè dúró dé ìgbà tí ẹ máa yẹ ìwé wò, owó àmì-ẹ̀yẹ Crimea lásán ni kí ẹ fi lọ̀ ọ́. Ẹ má sì jẹ́ kó bá yín fi ọṣẹ fàdákà dán an kó tó kó o fún yín. Bó ṣe ń dán ni lẹ́tà etí rẹ̀ ń pa rẹ́.