Àárọ̀ lo ya fọ́tò, alẹ́ lo wé gèlè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn ni mí níbí ní Ifẹ̀, àwa mẹ́ta la jọ ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá kan náà. A ń lo git, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe tí a bá ṣe sí fáìlì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ṣe git add fún fáìlì wa, isiro.py. Wọ́n mú iná lọ, ó di alẹ́ kí n tó tún rí laptop tàn. Mo wá tún ìlà mẹ́rin ṣe nínú fáìlì yẹn, mo sì fi í pamọ́. Mo ṣe git commit -m "update", mo ṣe git push kí ó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní àwọn ò rí ìlà mẹ́rin náà, bẹ́ẹ̀ ó wà lórí laptop tèmi. Wọ́n ti ń wò mí bí ọ̀lẹ. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́? — Àbúrò yín, Mọ́dákẹ́kẹ́.

Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. O ò purọ́ fún wọn, iṣẹ́ rẹ ò sì sọnù. Àmọ́ kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, jọ̀wọ́, má tẹ git restore isiro.py, bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ ní kó o tẹ̀ ẹ́. Yóò fi èyí tó wà lọ́dọ̀ git bo fáìlì rẹ mọ́lẹ̀, ìlà mẹ́rin yẹn á sì lọ pátápátá. Git ò ní lè dá wọn padà fún ọ, torí kò rí wọn rí.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Wọ́n ti sọ fún ọ pé git add ni wọ́n fi ń sọ pé kí git máa ṣọ́ fáìlì kan. Òótọ́ ni pé láti ìgbà tó o bá ti add fáìlì ni git ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kó mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí kó gbé àtúnṣe rẹ. Fọ́tò ni git add ń yà. Bí fáìlì ṣe rí ní ìṣẹ́jú tó o tẹ àṣẹ yẹn ló ń mú. Bí fọtógíráfà bá ya ìyá kan ní Ẹnuwá lọ́jọ́ Ọlọ́jọ́ kí ìyá ọ̀hún tó wé gèlè, fọ́tò yẹn ò ní ní gèlè láéláé. Àfi kí wọ́n tún un yà.

Git commit ní tirẹ̀ kì í ya fọ́tò kankan. Èyí tí o ti yà sílẹ̀ ló ń mú, tó ń lẹ̀ mọ́ inú álíbọ́ọ̀mù, tó wá ń kọ orúkọ rẹ, ọjọ́, aago àti ọ̀rọ̀ tó o bá sọ sẹ́yìn rẹ̀. Ìwọ ya fọ́tò láàárọ̀, o wé gèlè lálẹ́, o sì lẹ fọ́tò àárọ̀ mọ́ álíbọ́ọ̀mù.

Ká ní o tẹ git status lálẹ́ ọjọ́ yẹn kó o tó commit, ò bá rí ohun kan tó máa ń ya àwọn tí mò ń kọ́ ní Lágéré lẹ́nu: orúkọ fáìlì kan ṣoṣo yọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wà lókè ní àwọ̀ ewé, lábẹ́ “Changes to be committed”. Ó tún wà nísàlẹ̀ ní àwọ̀ pupa, lábẹ́ “Changes not staged for commit”. Ẹ̀rọ ò ṣìṣe o. Ti òkè ni fọ́tò àárọ̀, ti ìsàlẹ̀ ni gbogbo ohun tó yí padà lẹ́yìn fọ́tò. Tó o bá ti rí i bẹ́ẹ̀, dúró. Git diff á fi ohun tí fọ́tò ò tíì mú hàn ọ́. Git diff --staged á fi ohun tó fẹ́ wọ álíbọ́ọ̀mù hàn ọ́.

Èmi kì í commit láì wo èkejì yìí. Ní 2021, mo ń bójú tó ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ilé ìtajà ọ̀dà kan. Ọ̀gá ibẹ̀ pè mí nírọ̀lẹ́ pé owó gálọ́ọ̀nù ti lọ sókè. Mo ti add fáìlì náà kó tó pè. Mo yí owó padà, mo commit, mo gbé e jáde, mo sùn. Kí ó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, oníbàárà méjì ti san owó àtijọ́, kò sì sí bí a ṣe fẹ́ ní kí wọ́n wá san ìyókù. Èmi ni mo fowó mi dí i.

Tìrẹ rọrùn. Tún ṣe git add isiro.py, wo git diff --staged títí wàá fi fojú ara rẹ rí ìlà mẹ́rin náà, kó o wá ṣe commit tuntun, kó o push. Má lo git commit --amend. Bó bá ṣe pé o ò tíì push, òun ni ǹ bá ní kó o lò, torí á fi fọ́tò tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n commit kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tirẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 40 tí git ṣírò láti inú ohun tó gbé. Amend á yí orúkọ yẹn padà, ti àtijọ́ sì ti wà lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ méjèèjì. Ìjà tó máa dá sílẹ̀ á ju ìlà mẹ́rin lọ.

Wọ́n lè sọ fún ọ pé git commit -a ń pa ìgbésẹ̀ méjèèjì, add àti commit, pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, fún fáìlì tí git ti mọ̀. Kì í mú fáìlì tuntun. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, torí gbogbo àtúnṣe ló ń kó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Látìgbà tí Linus Torvalds ti kọ git ní 2005 fún iṣẹ́ Linux, ànfààní ńlá tó wà níbẹ̀ ni pé o lè ṣe àtúnṣe mẹ́ta lọ́jọ́ kan, kó o sì kó wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àti “update” yẹn, bẹ̀ mí kó o jáwọ́ níbẹ̀. Kọ ohun tó o ṣe: “Ìṣirò kò fi òdo pín mọ́.” Ìwọ fúnra rẹ ni wàá ka git log, àkójọ gbogbo commit rẹ, lóṣù mẹ́ta òní.

Àǹtí, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Iléṣà. Mò ń kọ ìtàn ìdílé wa, ọmọ mi sì fi Ubuntu, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, àti git sí kọ̀ǹpútà mi. Fáìlì tí mo pè ní ìtàn.txt, git ń kọ ọ́ ní "\303\254t\303\240n.txt". Èyí tí mo fi LibreOffice, ètò ìkọ̀wé, kọ, git diff ò fi ìlà kan hàn, ó kàn ní “Binary files differ” ni. Ṣé ẹ̀rọ yìí ò gbọ́ Yorùbá ni?

Ẹ kú iṣẹ́ ìtàn, sà. Ó gbọ́ ọ. Ohun tó wà nínú fáìlì yín ò yí rárá. Orúkọ rẹ̀ ló ń fi nọ́ńbà pè. \303\254 ni ì, \303\240 ni à. Ẹ tẹ èyí lẹ́ẹ̀kan péré:

git config --global core.quotepath false

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tìtorí rẹ̀ yọ àmì kúrò lórí orúkọ fáìlì yín. Igba, igbá àti ìgbà kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ti LibreOffice, inú àpò tí wọ́n ti so lẹ́nu ló ń kó ọ̀rọ̀ sí. Git ń pa àpò náà mọ́, ẹ sì lè padà sí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n kò lè tọ́ka sí ìlà tó yí. Ẹ máa kọ ọ́ sí .txt, kí ẹ sì máa tẹ Enter lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, torí ìlà ni git ń wò. Bí ìpínrọ̀ bá gùn gbọọrọ láìsí Enter, àmì ohùn kan tí ẹ tún ṣe á mú kí gbogbo rẹ̀ hàn bí èyí tó yí. Git diff --word-diff náà á ràn yín lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tó yí gan-an ló ń tọ́ka sí.

Bí ẹ̀gbọ́n yín bá ní kì í ṣe bí ẹ ṣe kọ ọ́ ló ṣẹlẹ̀, ẹ tún un ṣe, kí ẹ kọ ẹni tó sọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ commit. Kí ọmọ yín sì da gbogbo fódà náà sí flash kan fún yín, pẹ̀lú fódà .git tó fara pamọ́ nínú rẹ̀. Inú .git yẹn ni gbogbo àtúnṣe tí ẹ ti commit wà.