Áńpílífáyà Béèsì Tí Ń Kùn

Ìbéèrè: Olóòtú, áńpílífáyà gìtá béèsì mi máa ń kùn ṣáá, kódà bí n kò bá fọwọ́ kan gìtá. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà gìtá kúrò lára áńpílífáyà náà. Bí kíkùn náà bá dáwọ́ dúró, ọ̀dọ̀ gìtá tàbí wáyà ni ó ti ń wá, nítorí náà ẹ fi wáyà mìíràn dán an wò, torí òun ni ó tètè máa ń bàjẹ́. Bí ó bá ń kùn síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí kapásítọ̀ (ẹ̀yà tí ń tọ́jú iná pamọ́) inú áńpílífáyà náà ti gbó. Ẹ gbé e fún onímọ̀ iṣẹ́ náà, nítorí iná lè wà nínú kapásítọ̀ kódà lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gé wáyà ilẹ̀ (èyí tí ń darí iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀) láti pa ariwo: ẹ̀mí yín ni ó ń dáàbò bò.