Ìrora nígbà ìbálòpọ̀ lẹ́yìn ìbímọ: ṣé kí n lọ rí dókítà ní Ìkòròdú?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lọ, arábìnrin, kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá. Ojú ara ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn sábà máa ń gbẹ, nítorí pé èròjà inú ara tó ń mú un rọ̀ máa ń dínkù lásìkò náà. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá wà nísàlẹ̀ ikùn, tàbí tí ohun tó ń jáde bá ń rùn, ó lè jẹ́ àkóràn tàbí ìju (kókó inú ilé-ọmọ), èyí tí àyẹ̀wò nìkan lè fi hàn. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó súnmọ́ yín tàbí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkòròdú, kí ẹ sì ṣàlàyé bóyá ẹnu ọ̀nà ló ń ta yín tàbí inú lọ́hùn-ún. Ẹ lè béèrè fún dókítà obìnrin. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ẹ má ṣe fi falẹ̀, nítorí pé ó wà lára àmì jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun mìíràn ló sábà máa ń fà á. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi álọ́ọ̀mù tàbí àgbo fọ inú abẹ́. Ó máa ń dá kún egbò ni.