Báwo lèèyàn ṣe lè fi àwọn ilé-ìwé girama ìjọba tó wà ní Education District III l'Ékòó wéra?

Ẹ má wo iye ọmọ tó yege WAEC nìkan. Etí-Ọ̀sà, Ẹ̀pẹ́, Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí àti Lagos Island ló wà lábẹ́ District III, ipò wọn ò sì dọ́gba rárá. Àwọn Model College, bíi ti Igbónlá àti Badore, máa ń fi ìdánwò ṣa ọmọ wọlé. Ilé-ìwé àdúgbò kì í ṣà wọ́n bẹ́ẹ̀. Tí èsì Model College bá wá dára jù, láti ẹnu ọ̀nà ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Kì í ṣe iṣẹ́ olùkọ́ nìkan. King's College ńkọ́? Ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, kì í ṣe ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ni District III, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè nìyí: nínú gbogbo ọmọ tó jókòó ṣèdánwò, mélòó ló gba kírẹ́díìtì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà níbẹ̀? Ọmọ mélòó ló wà ní kíláàsì kan? Ṣé olùkọ́ Físíìsì wà? Ní tèmi, láàbù, ìyẹn yàrá tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì, ló ń sọ òótọ́ jù: ẹ lọ lọ́jọ́ iṣẹ́, kí ẹ wò ó bóyá àwọn ọmọ ń lò ó àbí wọ́n tì í pa.