Ẹni Tí Kò Ní Wọ Omi Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wá

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bí èèyàn mẹ́wàá ṣe lè kúrò ní Òṣogbo ní àárọ̀ Sátidé kan, kí wọ́n fi tíúbù táyà ọkọ̀ akẹ́rù gun omi tí ń ru, kí oníkálukú sì ti wà nílé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè yín, nítorí pé irú ètò bẹ́ẹ̀ gan-an ni èmi náà ṣe ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017. Àwa méje ni a lọ. Àwa méjèèje ni a padà wálé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì mi kò tẹ ilẹ̀ dáadáa fún oṣù mẹ́ta, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi kò sì tíì wọ odò títí di òní.

A dá owó jọ, a gba bọ́ọ̀sì kékeré kan, a sì ra tíúbù mẹ́rin. Aago 6 àárọ̀ ni a fi àdéhùn sí. Aago 10 ti kọjá kí ẹni tí ó kẹ́yìn tó dé, ẹ̀yin náà mọ bí ó ṣe máa ń rí. Ní Iléṣà, a dúró lọ́dọ̀ fọkanáísà kí ó fẹ́ tíúbù, ìgbà tí ó fẹ́ ẹ tán ni a tó rí i pé tíúbù tí ó ti kún kò gba ẹnu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì wọlé. A tú atẹ́gùn rẹ̀ dànù, a sì tún ń wá ẹni tí yóò fẹ́ ẹ níwájú. Aago 2 ọ̀sán ti lù kí a tó dé etí odò náà, odò kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí n kò ní dárúkọ, kí ẹnikẹ́ni má baà tìtorí ọ̀rọ̀ mi wá a lọ.

Oòrùn ń ràn lórí wa, a kò sì ka ojú ọ̀run tí ó ti dúdú ní apá òkè sí nǹkan kan. Àwọn odò kéékèèké tí ń ṣàn láàárín àpáta ní agbègbè wa kì í dúró kí òjò rọ̀ sórí ẹni kí wọ́n tó kún: òjò tí ó ti rọ̀ lókè ní wákàtí kan sẹ́yìn ni ó ń wá bá ẹni nísàlẹ̀. Àmì rẹ̀ a sì máa kọ́kọ́ yọ. Omi tí ó mọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ewé àti igi wẹ́wẹ́ á máa bá a bọ̀, ìró rẹ̀ á wúwo sí i. A rí gbogbo rẹ̀. À ń rẹ́rìn-ín.

Tíúbù kò ní ibi tí a ń dì mú, kò sì ṣeé darí; ibi tí ó bá wu omi ni omi ń gbé e lọ. Ó gbé ọ̀rẹ́ mi kọ lu igi kan tí ó wó sínú odò. Irú igi bẹ́ẹ̀ burú ju òkúta lọ, nítorí pé omi a máa yà fún òkúta, á sì gbé ẹni yà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n àárín ẹ̀ka igi ni omi ń gbà kọjá, bí ìgbà tí a ń fi asẹ́ sẹ́ ògì: omi á kọjá, èèrí á dúró. Ọ̀rẹ́ mi ni èèrí lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe fẹ́ lọ bá a, mo dìde dúró nínú omi tí ó mù mí dé itan, ẹsẹ̀ mi sì há sáàárín òkúta méjì, omi ń tì mí láti ẹ̀yìn. Omi tí kò tó àyà lè pa àgbàlagbà báyìí, nítorí pé bí ẹsẹ̀ bá ti há tí omi sì ti dojú ẹni bolẹ̀, ìtìkiri omi kò ní jẹ́ kí ó gbé orí sókè mọ́. Bí eré omi bá sì di ìlọ́po méjì, agbára tí ó fi ń tini á di ìlọ́po mẹ́rin.

Gbogbo wa ni a wà nínú omi. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo ní etí odò, kò sí okùn, kò sí ẹni tí ó ti wo ibi tí a lè gbà jáde. Bàbá kan tí ó ń ti oko bọ̀ ni ó gé ọparun, tí ó nà án sí ọ̀rẹ́ mi, kí ó tó wá bá mi yọ ẹsẹ̀ mi. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ó bú wa dáadáa ṣá.

Ní ọdún 2022, iṣẹ́ gbé mi lọ sí Kampala ní orílẹ̀-èdè Uganda, mo sì fi ọjọ́ kan lọ sí Jinja, tí ó tó nǹkan bí 80 kìlómítà sí ibẹ̀, níbi tí odò Náílì ti ń jáde láti inú adágún Victoria. Ibẹ̀ ni mo ti rí bí àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà ṣe ń ṣe é. Wọ́n ń fi nọ́ńbà 1 sí 6 díwọ̀n bí omi ṣe le tó, ìpele 5 sì wà lára èyí tí a gùn. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibi tí omi ti ń ru rárá, wọ́n kó wa lọ sí ibi tí ó ti pa rọ́rọ́, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dojú ọkọ̀ rọ́bà tí a fi ń gun omi dé pẹ̀lú wa, kí oníkálukú lè mọ bí a ṣe ń jáde lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọ́ wa pé ẹni tí ó bá já sínú omi kò gbọdọ̀ dìde dúró. Kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sí ibi tí omi ń lọ, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ yọ sójú omi, kí ó sì máa fi apá tu ara rẹ̀ wá sí etí odò. Ká ní mo ti gbọ́ èyí nìkan ní 2017, n kì bá tí fi igi rìn.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni iye àwọn òṣìṣẹ́ tí kò bá wa wọ ọkọ̀. Àwọn kan nínú ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́nìkan máa ń ṣíwájú lọ dúró dè wá ní ìsàlẹ̀ gbogbo ibi tí omi ti ń ru, ọkọ̀ mìíràn sì ń gbé àpótí ìtọ́jú ẹni tí ó bá fara pa. Ní Itanda, ọ̀kan lára àwọn ibi ríru náà, a sọ̀kalẹ̀, a fi ẹsẹ̀ rìn kọjá ibi tí ó burú jù, pẹ̀lú gbogbo owó tí a san, kò sì sí ẹni tí ó pe ẹnikẹ́ni ní ojo. Dáàmù tí ó wà lókè ni ó ń pín iye omi tí ń jáde níbẹ̀, nítorí náà òjò ọ̀sán kan kò lè yí odò náà padà lójijì bí ó ti ń yí tiwa. (Dáàmù méjì lórí odò náà, ti Bujagali tí wọ́n ṣí ní 2012 àti ti Isimba ní 2019, ti bo díẹ̀ lára àwọn ibi ríru náà mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ má fi fídíò àtijọ́ ṣètò.)

Ní tiyín, ẹ fi tíúbù sílẹ̀. Ẹ má sì ronú kan odò Ọ̀ṣun: ibi ìjọsìn ni igbó rẹ̀ tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005, ìwakùsà góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sì ti sọ omi náà di aláwọ̀ amọ̀ débi pé ẹ kò lè rí igi tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀sọ̀rọ̀ omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni kí ẹ lọ. Òṣogbo sí Iléṣà lé díẹ̀ ní 30 kìlómítà, ibẹ̀ ni ẹ ó ti bọ́ sọ́nà Àkúrẹ́. Ìpele méje ni ọ̀sọ̀rọ̀ náà ní, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ti tó fún èèyàn mẹ́wàá. Oṣù Kọkànlá ni èmi fẹ́ràn jù, nítorí omi ṣì pọ̀, òjò sì ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, òkúta ibẹ̀ ń yọ̀ bí ilá. Ẹ wà níbẹ̀ ní aago 9, kí ẹ sì ti sọ̀kalẹ̀ ní aago 1, nítorí pé ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ni òjò agbègbè wa sábà máa ń dé. Bàtà tí ó di ẹsẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Bí ẹ bá yá ẹ̀wù agbẹ̀mílà, kí ẹlòmíràn fa èjìká rẹ̀ sókè. Bí ó bá gòkè dé etí yín, kì í ṣe tiyín, nítorí omi tí ó ru funfun kún fún atẹ́gùn, kì í sì í gbé ara ró bí omi tí ó dákẹ́.

Nínú ẹ̀yin mẹ́wàá, ẹ yan ẹni méjì tí kò ní wọ omi rárá, kí ẹ yọ owó ọkọ̀ wọn kúrò nínú ohun tí ẹ dá. Ẹ fún wọn ní okùn tí ó tó mítà 20, tí wọn kò gbọdọ̀ so mọ́ ara ẹnikẹ́ni, àti fèrè kan. Ọ̀kan á máa wo omi, èkejì á máa wo ojú ọ̀run ní ìhà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, nítorí orí òkè apá ibẹ̀ ni omi ti ń bọ̀. Bí fèrè bá dún, kò sí àríyànjiyàn. Bí ẹnì kan bá wà láàárín yín tí kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, tí ojú sì ń tì í láti sọ ọ́, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé fèrè náà fún.