Ẹ dán wáyà inú họ́ọ̀sì wò kí ẹ tó yọ mọ́tò búrọ́ọ̀ṣì

Ká ní fákúùmù àtijọ́ tí ẹ jogún, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fa eruku ilẹ̀, ń fà dáadáa, ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì iwájú rẹ̀ tó ní mọ́tò tirẹ̀ máa ń yí, á dúró, á tún bẹ̀rẹ̀ bí ẹ bá tẹ họ́ọ̀sì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ wá fẹ́ yọ mọ́tò kékeré yẹn, kí ẹ fi èyí tó lágbára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe é. Ohun tí èmi ṣe gan-an nìyẹn, díẹ̀ ló kù kí n dáná sun ilé.

Tèmi náà jẹ́ irú èyí tí à ń wọ́ tẹ̀ lé ara ẹni lórí táyà kéékèèké, tí wáyà iná méjì gba inú ara họ́ọ̀sì kọjá lọ bá búrọ́ọ̀ṣì. Mọ́tò búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń gba iná bí ámpíà 1. Mo fi òmíràn tó ń gba ámpíà 2.5 síbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó yí bí ìjì. Lọ́jọ́ kẹta, ibi tí mo ti di họ́ọ̀sì mú gbóná mọ́ mi lọ́wọ́, òórùn rọ́bà tó ń jó sì gba inú yàrá kan. Nígbà tí mo la ibẹ̀, wáyà kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já tán, ó ku fọ́nrán mẹ́ta péré tó so ó ró. Fọ́nrán mẹ́ta yẹn ló ń gbé gbogbo iná tí mọ́tò tuntun ń bèèrè. Kò sí ohun tó ṣe mọ́tò àtijọ́ tí mo yọ sọ́tọ̀. Wáyà ló ń ṣàìsàn, mọ́tò ni mo ń fún lóògùn.

Nítorí náà, ìdí họ́ọ̀sì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, kí ẹ sì yọ búrọ́ọ̀ṣì kúrò lẹ́nu họ́ọ̀sì. Ẹ yí mítà tí a fi ń wọn iná sí ibi tó ti máa ń ké bí wáyà bá so pọ̀, ẹ fi ọwọ́ rẹ̀ kan kan orí wáyà, èkejì kan ìdí wáyà kan náà, kí ẹnìkan máa tẹ họ́ọ̀sì náà díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Níbi tí igbe mítà bá ti ń já, ibẹ̀ ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìtòsí ibi ìdìmú tàbí ibi tí họ́ọ̀sì ti wọ ara ẹ̀rọ ni, torí pé ibẹ̀ ló ń tẹ̀ jù. Lẹ́yìn náà, ẹ dán wáyà kan wò mọ́ èkejì: mítà kò gbọdọ̀ ké rárá. Bó bá jẹ́ ìtòsí ìpẹ̀kun họ́ọ̀sì kan ló ti já, ẹ gé bíi 15 cm kúrò, kí ẹ fi òjé jó wáyà tó yè mọ́ ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ àárín ni, họ́ọ̀sì mìíràn ni kí ẹ wá. Mo ti rí ẹni tó so ó láàárín tó sì fi téèpù wé e. Oríkèé yẹn ò ní pẹ́ já, inú ibi tí eruku gbígbẹ ń gbà kọjá ló sì máa ti ta iná.

Ká wá sí búrọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀, torí òun ni ọkàn iṣẹ́ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Láti 1908 tí James Murray Spangler ti gba ẹ̀tọ́ lórí fákúùmù tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló ti fi búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí sí i, nítorí pé fífà nìkan kì í tú eruku tó ti wọlé sí ìdí òwú. Ẹ tú orí rẹ̀ méjèèjì. Irun máa ń wé mọ́ ọ̀pá rẹ̀ lábẹ́ ìdérí, ibi tí ojú kò tó, á sì mú kí mọ́tò máa làágùn lásán. Lẹ́yìn tí ẹ bá gé e kúrò, ẹ gbé rúlà lé abẹ́ ilé búrọ́ọ̀ṣì náà: bí irun búrọ́ọ̀ṣì kò bá yọ kọjá rúlà, ó ti jẹ tán, kò sí mọ́tò tó lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ fi bẹ́líìtì tuntun sí i, kódà bí ti àtijọ́ bá ṣì dára lójú. Rọ́bà tó ti nà máa ń yọ̀ lórí ọ̀pá láìjẹ́ kéèyàn mọ̀.

Ní ti mọ́tò ńlá tó ń fa afẹ́fẹ́, kí ẹ tó yọ kábọ̀n méjèèjì, ìyẹn èédú kéékèèké tó ń gbé iná wọ ibi tó ń yí nínú mọ́tò, ẹ sàmì sí wọn kí ẹ lè mọ èyí tó wà lápá òsì àti ojú tó kọ síta. Èmi máa ń pààrọ̀ wọn bí wọ́n bá ti kúrú tó 6 mm. Sáńpépà tó kúnná ni kí ẹ fi nu òrùka bàbà tí kábọ̀n ń tẹ̀ lé. Ẹ má lo èyí aláṣọ dúdú tí wọ́n fi ń fá irin, hóró rẹ̀ máa ń há sí àárín bàbà. Bẹ́árìn tèmi, ìyẹn òrùka irin tí ọ̀pá mọ́tò ń yí nínú rẹ̀, jẹ́ nọ́ńbà 608, ihò rẹ̀ 8 mm, ìta rẹ̀ 22 mm, ó nípọn 7 mm. Onídèérí irin ni mo fi sí i, torí pé onírọ́bà máa ń gbóná nínú mọ́tò tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí kápásítọ̀ àtijọ́ (ohun kékeré tó ń dín ariwo iná mọ́tò kù) tí wọ́n fi bébà wé nínú rẹ̀, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi irú X2, tí wọ́n ṣe fún iná ilé, rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tàn án ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí iná gba inú gílóòbù àtijọ́ oníwáyà, 100 W, kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí gílóòbù bá mọ́lẹ̀ gidi láìjẹ́ pé mọ́tò yí rárá, wáyà kan ń kan ibi tí kò yẹ, ẹ sì ti mọ̀ ọ́n láìjó ohunkóhun. Bó bá wá di pé ẹ̀ ń lò ó, tí ohùn mọ́tò ṣàdédé lọ sókè, agbára kọ́ ló ní. Ọ̀nà afẹ́fẹ́ ló dí, tí fáànù kò rí afẹ́fẹ́ tó gbé mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí, afẹ́fẹ́ yẹn kan náà ló ń tu mọ́tò lára, ẹ tètè pa á kí ẹ wo àpò rẹ̀.

Àtúnṣe tí mo ṣe tí mi ò kábàámọ̀ rẹ̀ kò ju méjì lọ: wáyà tó nípọn díẹ̀ nínú họ́ọ̀sì tuntun, àti iná LED dípò gílóòbù kékeré tó máa ń jó níwájú búrọ́ọ̀ṣì. Mọ́tò àtijọ́ tí mo yọ sọ́tọ̀ ni mo dá padà sáyè rẹ̀. Kábọ̀n tuntun nìkan ni mo fi sí i, òun náà ló sì ń yí búrọ́ọ̀ṣì náà títí dòní.